Ipò Ààrẹ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì máa ń fi orúnkún méjèèjì há orí mi láti di irun fún mi ní ọ̀sán Àìkú, ariwo tírélà ló máa ń jí wa ní Ajégúnlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní apá ọ̀dọ̀ wa ò ní gbàgbé. Kí ojú ọjọ́ tó là ni wọ́n ti máa tò láti èbúté Tin Can wá dé ẹnu ọ̀nà wa, tí èéfín wọn á gba ojú fèrèsé wọlé, tí aṣọ iléèwé tí a sá sórí okùn á sì di aláwọ̀ eérú kí a tó wọ̀ ọ́. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn bí ẹni ń lá oyin. Tèmi náà ní oyin nínú, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó korò níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Yàrá kan ni a ní nínú ilé Bàbá Kámọ́rù. Fési-mí-àì-fési-yú ni, yàrá níhìn-ín, yàrá lọ́hùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn gba àárín kọjá, kànga kan ṣoṣo sì wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Bàbá mi ń gbé ẹrù ní wáàfù ní Àpápá. Ìyá mi ń se ẹ̀wà tà fún àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Èmi ni mo ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, èmi ni mo ń pọn omi, èmi náà ni mo ń gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Bí awakọ̀ kan bá fi eyín he òkúta, etí mi ni ìyá mi máa kọ́kọ́ fà, kó tó bẹ ẹni tí eyín ń dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀wà bá tán, èmi ni mo ni ìdí ìkòkò. Ẹ̀wà tó jóná díẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, tí a da ata díndín dúdú yẹn lé lórí, tí a fi búrẹ́dì gbígbóná wọ́ ọ jẹ! Mo ti jẹun ní ibi tí wọ́n ti ń fi abọ́ tánganran gbé oúnjẹ wá, n kò rí irú rẹ̀ mọ́.

Bàbá Kámọ́rù ni onílé wa. Ìdílé wọn ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú àwa ayálégbé tó mọ ọ̀nà Èkó. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti kírun Àsárì tán, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé bọ̀ á sì kí i. Á dá olúkúlùkù lóhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Tó bá kan ìyá mi, á ní, “Ìyá Fọlákẹ́, ẹ kú ọjà o. Ṣé ó tà?” Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ìkíni lásán ni. Àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ni àwọn òbí wa fi ń mọ̀ pé àwọn ṣì ní ibi tí wọ́n máa sùn.

Kámọ́rù, ọmọ rẹ̀, ni a jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń bá àwa obìnrin ta tẹ̀ǹtẹ́n lẹ́yìn ilé, àwọn ọkùnrin á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá ra gúgúrú fún un, á bù ú sínú ọwọ́ mi kó tó jẹ ẹyọ kan. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí kó wá máa bú u.

Nílé ìwé wa, ẹgbẹ́ tó gba ọkàn mi ni Ẹgbẹ́ Àríyànjiyàn. Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń ṣèpàdé lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Ẹ má fi ojú kékeré wo ipò nínú ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé o. Ní tiwa, Ààrẹ nìkan ló ń jókòó sórí àga alápá tí wọ́n gbé wá láti yàrá àwọn olùkọ́, àwa yòókù á wà lórí bẹ́ǹṣì. Òun ló ń yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀ kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Tí a bá lọ bá iléèwé mìíràn jiyàn, òun ló ń bẹ̀rẹ̀, òun nìkan náà sì ni òfin gbà láàyè láti fèsì ìkẹyìn, ìyẹn èsì tó máa ń sọ ẹni tó borí. Akọ̀wé wà. Ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wà, ẹni tó ń lé aláriwo síta kó lọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Olùtọ́jú àsìkò ni ọ̀rẹ́ mi Ebi, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ríìmù tírélà àtijọ́ kan tí wọ́n so rọ̀ sára igi fúrúútù ló ń fi irin lù tí àkókò ẹni bá ti pé, ó sì máa ń lù ú bí ẹni tí ríìmù náà jẹ ní gbèsè.

Ipò tó kù ni ti igbákejì. Obìnrin ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀ láti ìgbà tí iléèwé ti wà. Igbákejì ló ń gbálẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, òun ló ń to bẹ́ǹṣì, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ dín ṣinṣíìnì tí a bá ní àlejò. Ní tòótọ́, òun ló tún máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ máa sọ, ṣùgbọ́n èyí kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ti rí èyí fún ọdún púpọ̀ kó tó kan kíláàsì wa, mo sì ti pinnu pé Ààrẹ ni mo fẹ́ ṣe. N kò mọ ibi tí mo ti rí àyà. Bóyá nítorí pé mo mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀. Tí mo bá dìde láàárín bẹ́ǹṣì yẹn, tí mo bá la ẹnu mi, ohun kan máa ń ṣe mí nínú tí n kò rí níbòmíràn, bíi pé mo ga ju yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé lọ.

A kì í fi ìwé dìbò. Ẹ̀yìn ẹni tí o bá fẹ́ lo máa tò sí ní gbangba, nínú oòrùn, lójú gbogbo iléèwé. Èmi àti Kámọ́rù la jáde. Bàbá rẹ̀ ló tì í, kì í ṣe òun ló fẹ́ ẹ, ó sọ fún mi fúnra rẹ̀. Ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn gúgúrú lọ. Tèmi gba ẹnu géètì kọjá, ó sì yí igun. Kámọ́rù wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ebi ti dé ìdí ríìmù, ó ń lù ú, ó ń pariwo pé, “Fọlákẹ́ don win o! Ọ̀rẹ́ mi don win!” Ọwọ́ rẹ̀ ni Tíṣà Adéoyè, olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, ti já irin gbà.

Mo sáré délé. Ìyá mi wà nídìí iná, ó gbé ṣíbí ẹ̀wà sókè, ó jó nínú èéfín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó se odindi ẹyin kan fún mi, èmi nìkan. Bàbá mi dé láti wáàfù, ó gbọ́, ó pè mí ní Ààrẹ, ó ní kí n wá jókòó sórí ìjókòó òun. N kò tún rí ìrọ̀lẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà Adéoyè pè mí sí yàrá àwọn olùkọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń dúró níwájú èrò tí ẹsẹ̀ kò fi ní máa gbọ̀n. Ó ní, “Fọlákẹ́, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin ò tíì ṣe Ààrẹ rí níbí. Bàbá Kámọ́rù sì ni alága àwọn òbí. Jẹ́ kí ọmọ yẹn jẹ́ orúkọ yẹn lásán, ìwọ lo ṣì máa ṣe gbogbo iṣẹ́.” Mo ní, “Rárá, sà. Èmi ni wọ́n tò sí lẹ́yìn.” Àwọn olùkọ́ yòókù gbójú sókè. Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbé korobá lọ sídìí kànga, mo bá àgádágodo lára ìdérí rẹ̀. Ìyàwó onílé ní wọ́n fẹ́ kí kànga sinmi. Ṣùgbọ́n korobá ìyá tó wà ní yàrá kejì sí tiwa wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀. Òpópónà kejì ni mo ti lọ tọrọ omi, ẹ̀wà pẹ́ lórí iná, àwọn awakọ̀ sì ti lọ jẹun níbòmíràn kó tó jinná. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi kúnlẹ̀ kí onílé lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ń fa tẹ̀súbà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ìyá mi tún un kí. Ó dìde, ó wọlé.

Báyìí ni a ṣe wà lọ́jọ́ kejì, báyìí náà la wà lọ́jọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó sọ pé nítorí ipò Ààrẹ ni. Wọn kì í sọ irú rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n máa fi ọ́ sílẹ̀ títí ìwọ fúnra rẹ á fi sọ ọ́ fún ara rẹ.

Ìyá mi ló sọ ọ́ nílé wa. Orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá mi wà, ó kọjú sí ògiri, mo sì mọ̀ pé kò sùn. Ìyá mi pè mí ní oríkì mi, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, fi sílẹ̀ fún un. Jọ̀ọ́. Níbo la fẹ́ kó lọ?” Mo ní kí ló dé tí bàbá mi ò lè lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Bàbá mi fa aṣọ bo orí. Mo ní n kò ní fi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rí i tí ìyá mi di ìró rẹ̀ mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Mo fò, mo gbá a mú lábẹ́ apá kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, mo ń pariwo pé, “Màámi, mo ti fi sílẹ̀! Mo ti fi sílẹ̀!” Àwa méjèèjì sunkún, a di ara wa mú bí ẹni tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sídìí kànga. Wọ́n ti yọ àgádágodo. N kò tíì dé iléèwé láti sọ ohunkóhun fún Tíṣà, ṣùgbọ́n ògiri ilé yẹn fẹ́lẹ́.

Bí mo ṣe di igbákejì nìyẹn. Mo gbálẹ̀. Mo to bẹ́ǹṣì. Mo dín ṣinṣíìnì. Nígbà tí ọjọ́ ìjiyàn pẹ̀lú iléèwé ńlá kan ní Àpápá ń sún mọ́, mo kọ ọ̀rọ̀, Kámọ́rù sì há a sórí lẹ́nu ọ̀nà wa. Ojú ń tì í. Ó ní, “Fọlákẹ́, má bínú sí mi. Bàbá mi ni.” Mo ní kó tún ìpínrọ̀ kejì kà.

Iléèwé ọ̀hún wà ní apá Àpápá tí igi pọ̀ sí, níbi tí tírélà kì í dé. Fáànù ń yí lókè orí wa, ilẹ̀ tútù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí a jiyàn lé ni pé èbúté ti ṣe ará Àpápá lóore ju ibi lọ. Apá tó lòdì sí i ni tiwa. Mo láyọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí kò sí ohun tí mo mọ̀ dáadáa tó ìyẹn nígbà náà. Kámọ́rù bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ka gbogbo ohun tí mo kọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Ààrẹ tiwọn dìde. Ọmọbìnrin ni, ó kúrú, ó wọ awò ojú. Ó ní kí á sọ fún òun o: tí wọ́n bá ti èbúté pa lọ́la, kí ni àwọn bàbá wa máa jẹ?

Èsì rẹ̀ kún ẹnu mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, kò sì lè yí ọrùn rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe òun ló ń jẹ èbúté, èbúté ló ń jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti èjìká rẹ̀ wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Kámọ́rù dúró, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó yíjú sí mi. Èyí kò sí nínú ohun tó há sórí. Mo dìde. Mo ti la ẹnu. Tíṣà Adéoyè na ìka sí mi láti ìsàlẹ̀, ó ní, “Fọlákẹ́, jókòó. Igbákejì kì í fèsì.” Mo wo ọmọbìnrin tó wọ awò ojú yẹn, òun náà ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo jókòó. Agogo wọn dún. Wọ́n borí wa.

Ní ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo iléèwé, Tíṣà ní ìjákulẹ̀ náà dé nítorí pé igbákejì kò ran olórí rẹ̀ lọ́wọ́ múra sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n lọ ro koríko ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́. Oòrùn mú, efinrin àti òórùn ìgbẹ́ pa pọ̀ nínú imú mi. Ebi gbé àdá tirẹ̀ wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ro díẹ̀, ó dúró, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, dem no gree give you chair, na cutlass dem give you.” A rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn wá, àbí ká sọ pé títí ó fi dà bíi pé inú wa dùn.

Ẹ̀yin á rò pé ó kéré tán, a ní ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, a ní in títí di òjò ọdún kejì. Nígbà náà ni Bàbá Kámọ́rù pe gbogbo àwa ayálégbé jọ, ó ní òun ti fi ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ máa kó kọ̀ǹténà sí i, kí á wá ibi gbà. Ìyá mi kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó dá a lóhùn, tòun ti orúkọ, tẹ̀rín tẹ̀rín: “Ìyá Fọlákẹ́, ẹ má bínú o. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.” Kámọ́rù bá wa gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí ọkọ̀, kò lè wo ojú mi. Ìjọra Badia ni a kó lọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Lójú ọ̀nà, mo wo ìyá mi, mo ń dúró kó sọ nǹkan kan, ó kàn ń di ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ mú kó má baà yí. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Mo bínú sí i nígbà náà. Mo bínú sí bàbá mi jù ú lọ. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní fi àgbà bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi náà ti bímọ báyìí, ayé sì ti yí padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ọmọ kì í pọn omi kànga mọ́, a ti gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń ta tẹ̀ǹtẹ́n lẹ́yìn ilé, orí fóònù ni wọ́n wà. Àwọn olùkọ́ ò gbọ́dọ̀ na ọmọ bó ṣe wù wọ́n, àwa òbí á ti dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Nílé ìwé ọmọ mi obìnrin, Tèmítọ́pẹ́, ẹgbẹ́ oníjiyàn wà, ó sì wà nínú ìwé òfin wọn pé ọkùnrin tàbí obìnrin lè ṣe Ààrẹ. Kò sí títò nínú oòrùn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń dìbò, ẹnikẹ́ni kì í mọ ẹni tí o dìbò fún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tèmítọ́pẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ. Mo jó ní kíṣìnì mi bí ìyá mi ṣe jó. Mo dín odindi adìyẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, “Mọ́mì, mo ti fi sílẹ̀ fún Dáfídì tí a jọ du ipò o. Èmi ni màá ṣe váìsì rẹ̀.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Mo béèrè ẹni tó ní kó fi sílẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni kankan. Mo ní ṣé olùkọ́ ni, ṣé wọ́n pè é sí ibì kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo kàn rí i pé ó wù ú. N ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó ń ṣe ojúkòkòrò.” Ó sì ń bá adìyẹ rẹ̀ lọ.

Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo ń wá ẹni tí mo máa bínú sí, n kò rí i. Nígbà tèmi, onílé, olùkọ́ àti ìyá tó bí mi ló para pọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ń pariwo bí wọ́n ṣe ń gbà á. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí tọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e fún wọn.